Ibi tí ọwọ́ ti dúró: lẹ́tà sí ọmọ mi tó ń kọ ìtàn

Òkè-Àdó,
Ìbàdàn.

Àṣàkẹ́, ọmọ mi àtàtà,

Ẹ kú ìrìn Èkó, ẹ kú làálàá ọ̀nà Ìkòròdú. Ṣé àlàáfíà ni ọkọ rẹ wà? Ṣé ikọ́ ọmọ ti lọ? Ara tèmi ti ń mókun. Orúnkún tó ń yọ mí lẹ́nu nígbà ọyẹ́ ti fúyẹ́ díẹ̀, mo sì ti ń lọ sí Bódìjà fúnra mi.

Awakọ̀ tí o kó ìwé lé lọ́wọ́ dé lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, kò sì jẹ́ kí òjò kàn án. Mo ti ka orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà àkọ́kọ́, ìyá rẹ ló kà á, inú rẹ̀ sì dùn débi pé kò rí àṣìṣe kan ṣoṣo. Ìgbà kejì, mo mú bírò pupa, mo jókòó sídìí tábìlì, mo sì kà á gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ìtàn kíkọ ti ń gba oorun lójú rẹ̀ láti ìgbà tí a ò tíì bí ọ. Ohun tí ẹni kejì yìí rí ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Fara balẹ̀ kà á. Má kà á nínú ọkọ̀.

Nínú ìwé pélébé tí o kì mọ́ ọn, o ní ojoojúmọ́ ayé rẹ ti rí bákan náà jù, ìtàn kan ò lè tibẹ̀ jáde. O ní aago mẹ́rin ìdájí lo ń jí kí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ má baà ká ọ mọ́ ọ̀nà. O ní owó olówó lo ń kà ní báńkì títí di ìrọ̀lẹ́, nígbà tí o bá sì fi máa délé, ọmọ ti sùn. O wá ń bèèrè bóyá kí o fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọdún kan gbáko, kí o rìn káàkiri, kí ojú rẹ lè rí nǹkan tó ṣeé kọ.

Àṣàkẹ́, má fi iṣẹ́ sílẹ̀. Owó wà nínú ohun tí mo ń sọ, màá sì débẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó ká mi lára jù ni pé ohun tí o fẹ́ wá lọ sí ọ̀nà jíjìn, o fẹ́ kọ ẹ̀yìn sí i nílé.

Jẹ́ ká wo ohun tí o kọ. Ojú ìwé méjìlélógójì ni. Nínú rẹ̀, adigunjalè ya wọ ilé lẹ́ẹ̀mejì, ọkọ̀ akẹ́rù kan gbiná lórí afárá, ọkùnrin kan ṣubú ó kú, obìnrin kan sì ká ọkọ rẹ̀ mọ́ ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dáná nínú ìwé náà. Kò sẹ́ni tó san owó ilé. Wọn ò pọn omi, wọn ò fọṣọ, wọn ò jẹ gbèsè, ikọ́ ò hú ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ọkùnrin yẹn ṣubú tó kú, omi ò bọ́ lójú mi, nítorí mi ò tíì mọ̀ bóyá ẹni tó ń fẹ́ iyọ̀ púpọ̀ nínú ọbẹ̀ ni tàbí ẹni tí kì í fẹ́. Ta lo ní kí n sunkún fún?

Ṣé o rántí ìyá ẹlẹ́kọ tó máa ń wà lẹ́bàá ṣọ́ọ̀bù télọ̀, níwájú ilé wa àtijọ́? O kéré nígbà yẹn, ẹ̀yìn mi lo máa ń wà tí mo bá lọ rà á. Aago márùn-ún ìdájí ni, ẹ̀kọ gbígbóná ni bàbá rẹ máa ń fẹ́ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Mo máa ń dúró ti obìnrin náà, mo sì máa ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ òsì á he ewé eéran méjì, á yí wọn pọ̀ bí àrọ. Ọwọ́ ọ̀tún á ti ìgbákọ bọ inú ìkòkò, á bu ẹ̀kọ, á dà á. Ọwọ́ òsì á ṣẹ́ ìdí ewé sábẹ́, á gbé e kalẹ̀ sínú agbọ̀n, á tún ti he ewé mìíràn. Kì í wo ewé, kì í wo ìkòkò. Bó ti ń ṣe èyí ló ń kí àwọn èèyàn, ló ń gba owó, ló ń fún wọn ní ṣéńjì, ló ń pariwo mọ́ ọmọ rẹ̀ tí kò ti igi bọná. Bí èèyàn bá kà dé mẹ́wàá, ẹ̀kọ mẹ́ta ti jókòó. Fún bí ọdún kan ni mo fi ń wo ọwọ́ yẹn, mi ò rí i kó dúró rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkùnrin kan gba ojú títì kọjá. Ó wọ bùbá aláwọ̀ eérú, ó sì di nǹkan sábẹ́ abíyá. Kò kí ẹnikẹ́ni, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ọwọ́ ìyá ẹlẹ́kọ dúró. Ìgbákọ wà lókè, ẹ̀kọ ń kán sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ̀kọ tó ń hó, tó lè bó ni lára, kò sì fa ẹsẹ̀ kúrò. Kò ju ìgbà tí èèyàn á fi mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, “Ti èló lẹ fẹ́?” Bẹ́ẹ̀ ó ti bi mí tẹ́lẹ̀, mo sì ti sanwó.

Mi ò bi í léèrè. Títí dòní, mi ò mọ ẹni tí ọkùnrin náà í ṣe. Ó lè jẹ́ ẹni tó jẹ ẹ́ lówó, ó lè jẹ́ bàbá ọmọ rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ó kàn jọ ẹnì kan tó ti kú ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ilé ìwé lọ́jọ́ náà, mo fún kíláàsì mi ní iṣẹ́ ṣe, mo sì kọ ojú ìwé mọ́kànlá sínú ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ mi. Inú ojú ìwé mọ́kànlá yẹn ni ìwé mi àkọ́kọ́ ti jáde. Ká ní mi ò mọ bí ọwọ́ yẹn ṣe ń rìn lójoojúmọ́ ni, mi ò bá tí mọ̀ pé ó dúró. Bó bá jẹ́ àlejò ló wà níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, tó wá láti ọ̀nà jíjìn kí ojú rẹ̀ lè rí nǹkan, obìnrin tó ń ta ẹ̀kọ nìkan ni ì bá rí.

Ohun tí mò ń wá nínú iṣẹ́ rẹ nìyí. Kọ́kọ́ jẹ́ kí n rí bí ọwọ́ ṣe ń rìn. Ìgbà yẹn, tí o bá dá a dúró, àyà mi á já, láìsí adigunjalè kankan.

O sì mọ̀ ọ́n ṣe. Wo ojú ìwé kọkànlélọ́gbọ̀n tìrẹ. Obìnrin tó ń gbowó ní báńkì gba ìdì owó lọ́wọ́ oníbàárà. Ẹ̀rọ tó ń ka owó ti kà á, iye rẹ̀ pé. Ó tún fi ọwọ́ kà á. Nígbà tó parí, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì, àwọn tó tò sẹ́yìn ti ń kùn. O ò sọ ohun tó ń ṣe é. O kàn sọ pé ó tutọ́ sí ìka, ó sì ń ka owó tó ti pé. Bírò pupa mi ò kàn ojú ìwé yẹn rárá. Mo gbé e kalẹ̀, mo jáde síta lọ wo òjò, mo tún padà wá kà á. Àwọn adigunjalè rẹ, inú fíìmù lo ti kó wọn wá. Obìnrin yìí, ẹ̀gbẹ́ rẹ ló jókòó sí. Iṣẹ́ tí o fẹ́ fi sílẹ̀ ló fún ọ ní ojú ìwé tó dáa jù lọ nínú gbogbo ohun tí o fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n mo ní ọ̀rọ̀ kan láti bá ọ sọ nípa obìnrin náà, màá fi í sílẹ̀ ná.

Má rò pé iṣẹ́ oṣù ń pa òǹkọ̀wé. Tíṣà ni D. O. Fágúnwà nígbà tí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1938. Tíṣà ni Ọládẹ̀jọ Òkédìjí náà. Adébáyọ̀ Fálétí ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán tí wọ́n dá sílẹ̀ níbí ní 1959, ó ń kọ ewì, ó ń kọ ìtàn. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀. Nínú ariwo ọmọ iléèwé àti ti ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ti ń gbọ́ bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀. Ní ti owó, o mọ̀ pé ìwé ìtàn Yorùbá kì í sábà bọ́ ẹni tó kọ ọ́, àfi tí WAEC tàbí NECO bá mú un fún àwọn ọmọ iléèwé. Bí ebi bá ń pa ọ́, ohun tó máa tà lo máa kọ, o ò ní kọ ohun tí o rí.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìwé. Ní ojú ìwé kẹtàdínlógún, o kọ ọ́ pé: “Inú bí i gidigidi, ó sì bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìbínú ńlá.” Mo fa igi lé e. Yorùbá lò ń kọ, ọmọ mi, ohun èlò tó wà lọ́wọ́ rẹ pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ojú ìwé kìíní, obìnrin yìí ń pe ọkọ rẹ̀ ní “Bàbá Ìbejì”, ó sì ń bọ̀wọ̀ fún un: “Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀wọ́, owó iléèwé àwọn ọmọ ńkọ́?” Nígbà tó rí i pé owó náà ti lọ, jẹ́ kó jókòó sórí àpótí, kó má pariwo, kó wulẹ̀ sọ pé: “O ti ná an, àbí?” Ó tán. Ọ̀rọ̀ “o” yẹn nìkan ti wó ilé náà. Kò sí ọmọ Yorùbá tó máa kà á tí kò ní gbé ọwọ́ lé àyà. Kí lo tún fẹ́ fi “ìbínú ńlá” ṣe?

Bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ. Tí mo bá pè ọ́ ní Àṣàkẹ́, o mọ̀ pé mo ní nǹkan fún ọ tàbí pé mo fẹ́ tù ọ́ nínú. Tí mo bá pe orúkọ tó wà nínú ìwé ìrìbọmi rẹ, o ti mọ̀ pé o fọ́ àwo. Àwọn èèyàn inú ìwé rẹ, orúkọ kan ṣoṣo ni gbogbo ayé fi ń pe oníkálukú wọn, láti ìyá tó bí i dé ọlọ́pàá tó mú un. Ìyẹn ò sí nílẹ̀ wa.

Tún wo ìkíni. O fi ìpínrọ̀ mẹ́ta sọ pé ìyá kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, pé àwọn èèyàn wá kí i, pé wọ́n ń yọ̀. Tí ẹnì kan bá kan ilẹ̀kùn tó sọ pé “Ẹ kú ewu ọmọ o”, mo ti mọ gbogbo rẹ̀. “Ẹ kú ìdúró” sọ fún mi pé wọ́n wà lórí ìlà, “ẹ kú àtijọ́” sọ fún mi pé ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti rí ara wọn. Àwọn tó ni èdè yìí ti bá ọ ṣe iṣẹ́ náà sílẹ̀. Lò ó.

Ṣùgbọ́n ìyá àgbà inú orí kejì ti lo ohun kan kọjá ààlà. Mo ka òwe méje lẹ́nu rẹ̀ lójú ìwé kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ omi ló kàn ń tọrọ. Gbogbo wa la mọ̀ pé òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò lọ síbì kankan kì í gun ẹṣin. Ìyá mi àgbà tó tọ́ mi, ó lè lo ọ̀sẹ̀ méjì láìpa òwe kan. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá le, tí àwọn àgbà ilé bá ti sọ̀rọ̀ títí tí kò ní ojútùú, yóò tún gèlè ṣe, yóò wolẹ̀, yóò wá pa ẹyọ kan, ẹnu gbogbo wọn yóò sì pa. Ọmọdé ilé tó bá sì fẹ́ pa òwe níwájú wọn, “tótó, ó ṣe bí òwe” ni yóò fi gbẹ̀yìn rẹ̀. Ta ló ń pa òwe, níwájú ta, kí ló dé tó fi di dandan? Tí o ò bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, yọ ọ́ kúrò. Mo fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún ìyá àgbà rẹ, èyí tó pa nígbà tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kọ̀ láti wolé.

Ohun tí a ò sọ náà ń sọ̀rọ̀. Láyé àtijọ́, tí èèyàn bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ ní àrokò, ẹni tó gbà á á ronú sí ẹfà, yóò mọ̀ pé ọkàn ẹni yẹn ń fà sí òun. Tó bá jẹ́ mẹ́jọ, ẹ̀jọ ni, a jọ jẹ́ ọ̀kan náà. Kò sí lẹ́tà, kò sí ọ̀rọ̀ ẹnu, ìránṣẹ́ gan-an lè má mọ ohun tó rù. Nínú ìtàn rẹ, wá irú ẹrù bẹ́ẹ̀ fún àwọn èèyàn rẹ kí wọ́n gbé. Bàbá tó kọ̀ láti sọ pé òun nífẹ̀ẹ́ ọmọ òun, kí ló gbé wá fún un láti ọjà? Ṣé ó bó èèpo ọsàn náà kó tó fún un?

Bóyá o máa sọ pé àwọn nǹkan kéékèèké báyìí ò lè mú òǹkàwé dúró. Ní 1929, lẹ́tà obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí jáde nínú Akéde Èkó. Ó pe ara rẹ̀ ní Ṣẹ̀gilọlá, ó ní àìsàn ti dá òun gúnlẹ̀, òun sì ń kábàámọ̀ ayé tí òun ti jẹ láàárín àwọn ọkùnrin. Àwọn ará Èkó gbà á gbọ́. Wọ́n ń kọ̀wé sí ìwé ìròyìn náà nítorí rẹ̀, àánú rẹ̀ ń ṣe wọ́n. Isaac Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà gan-an, ló jókòó sídìí tábìlì tó ń kọ ọ́. Kí ló mú kí wọ́n gbà á gbọ́? Mo ti kà á lọ, kà á bọ̀, ohun tí mo rí ni pé àdúgbò tí wọ́n ń rìn nínú rẹ̀ ló ń dárúkọ, orin tí wọ́n mọ̀ ló ń kọ, ohùn obìnrin Èkó tí wọ́n ń gbọ́ lójoojúmọ́ ló ń sọ. Ó kọ́kọ́ fún wọn ní ayé ara wọn, wọ́n wá gba Ṣẹ̀gilọlá mọ́ ọn.

Mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ nípa àmì ohùn. O kọ orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìfi àmì sí i, o ní ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá á yé e. Nígbà tí ìwé mi kejì fẹ́ jáde, ilé ìtẹ̀wé kan fọ́n gbogbo àmì inú rẹ̀ dànù, wọ́n ní ẹ̀rọ àwọn ò gbà á, wọn ò sì sọ fún mi títí ìwé fi jáde. Gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tí mo fi ọ̀sẹ̀ kan tún ṣe. Opó kan ti oko dé láàárọ̀ ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n sìnkú ọkọ rẹ̀: “Ó gbé ọkọ́ ti ògiri, ó sì dúró wò ó.” Ohun tí òǹkàwé rí ni “oko”. Ṣé oko tó ti bọ̀ ni, ṣé ọkọ tó kú ni, ṣé ọkọ́ tó fi ro ilẹ̀ ni, ṣé ọkọ̀ ni? Ibi tí mo fẹ́ kí ọkàn rẹ̀ ti bàjẹ́, ibẹ̀ ló ti ń padà kà á bí ẹni tó ń yanjú ìṣirò. Mo sunkún sí ìwé yẹn. Bọ́tìnnì Yorùbá ti wà lórí fóònù rẹ báyìí, kò sí ẹ̀rọ tó máa kọ̀ fún ọ. Fi àmì sí i.

Ó ku ọ̀rọ̀ obìnrin báńkì, èyí ló ṣòro fún mi jù láti kọ.

O mọ̀ pé ọdún mẹ́rin wà tí àǹtí rẹ tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò jẹun nílé wa. Ẹ̀yin ọmọ rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bàbá wa ni, mo sì jẹ́ kí ẹ rò bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ lọ tí kò padà wá, ó jókòó sí kíṣìnnì mi lóru ọjọ́ kan, ó ń bá mi ṣa ẹ̀wà, ó sì sọ pé ní gbogbo Àbámẹ́ta, òun máa ń kó aṣọ ọkùnrin náà jáde, aṣọ tó ti mọ́, òun á tún un fọ̀, òun á sá a sórí okùn, kí àwọn aládùúgbò lè rò pé ó ṣì wà nílé. Ó sọ ọ́ tán, ó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ọdún méjì, mo fi í sínú ìwé. Mo yí orúkọ padà, mo yí ìlú padà, mo sọ ọ́ di oníṣòwò aṣọ. Mo rò pé mo ti ṣe tán. Ṣùgbọ́n aṣọ yẹn wà lórí okùn nínú ìwé mi, ó sì rí i.

Kò bá mi jà. Ó máa ń wá sí ìnáwó, ó máa ń kúnlẹ̀ kí mi, á jókòó. Tí mo bá gbé oúnjẹ dé, á ní, “Mo ti jẹun kí n tó wá, ẹ̀gbọ́n mi.” Ọdún mẹ́rin. Níkẹyìn mo wọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Èmi ni ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀ fún un nínú yàrá rẹ̀. Ó gbé mi dìde, ó ní, “Ká ní ẹ bi mí ni, ǹ bá fún yín.”

Gbólóhùn yẹn ò tíì kúrò létí mi. Ì bá fún mi, Àṣàkẹ́. Ìtàn yẹn ì bá jẹ́ ẹ̀bùn, mo sì lọ jí i.

Mo mọ ẹni tí obìnrin tó ń ka owó yẹn í ṣe. Nígbà ọdún Àjíǹde tí o mú un wálé, mo rí bó ṣe ń tutọ́ sí ìka. Mo gbọ́ díẹ̀ nínú ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́dọ̀ àwọn àna rẹ̀. Lọ bá a. Má lọ bá a ní ẹnu iṣẹ́. Pè é wá sílé, ṣe oúnjẹ, ka ojú ìwé náà sí i létí. Tó bá ní kí o má lò ó, yọ ọ́ kúrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ló dáa jù. Yóò dùn ọ́. Ojú ìwé mìíràn yóò wá.

O bèèrè bí mo ṣe ń ráyè kọ nígbà tí ẹ wà ní kékeré. Ojú ìwé méjì láàárọ̀ kí ẹ tó jí, nínú ìwé àkọsílẹ̀ olójú ìwé ọgọ́ta, lójú àtùpà. Ọjọ́ tí ọmọ bá ń ṣàìsàn, ojú ìwé kan. Ọjọ́ tó bá sì le jù, mo máa ń kọ ohun kan ṣoṣo tí mo rí lọ́jọ́ náà, bó jẹ́ bàtà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́sẹ̀ kọ̀ndọ́. Ìwọ tó ń wọ ọkọ̀ láti Ìkòròdú dé Marina lójoojúmọ́, wákàtí mélòó lo fi ń jókòó sáàárín àwọn tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀? Yọ wáyà yẹn kúrò létí rẹ.

Lálẹ́, mo máa ń ka ohun tí mo kọ sí bàbá rẹ létí. Rédíò rẹ̀ á wà lórí itan, á ti pa á. Kì í sọ pé kò dáa. Ṣùgbọ́n tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti ń rìn lọ sídìí bọ́tìnnì rédíò, mo mọ̀ pé ìtàn ti kú níbẹ̀, màá fa igi sí i. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Mo ṣì máa ń kà á sókè títí dòní, mo sì máa ń gbọ́ ibi tí ì bá ti tan rédíò. Ka tìrẹ sí ọkọ rẹ létí. Má bi í bó ṣe rí. Ọwọ́ rẹ̀ ni kí o máa wò.

Awakọ̀ ń padà lọ́jọ́ Ajé. Mo fi gaàrí, èlùbọ́ àti epo díẹ̀ ránṣẹ́, pẹ̀lú ìwé rẹ. Ẹ̀kọ mẹ́wàá wà nínú báàgì dúdú, ẹ jẹ ẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn kó má baà kan. Ọmọ ìyá ẹlẹ́kọ ló sè é. Ìdí ìkòkò yẹn náà ló wà báyìí, ewé méjì náà ló sì ń he.

Kí o tó tún orí kìíní kọ, ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kí o dáhùn nínú lẹ́tà tí o máa kọ sí mi. Ní ojú ìwé kẹsàn-án, o sọ pé ó ti pé oṣù méje tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn. Lálẹ́ ọjọ́ kan náà, ó wọlé pẹ̀lú búrẹ́dì olówó gọbọi àti ẹja inú agolo, àwọn ọmọ ń yọ̀, ìyàwó rẹ̀ sì gbà á láìsọ nǹkan kan. Níbo ló ti rí owó tó fi ra búrẹ́dì yẹn? Kí ló dé tí ìyàwó rẹ̀ ò bi í?

Èmi ni,
Ìyá rẹ.